Ẹsẹ̀ Bàtà Mọ́kànlá Ti Ambrose Pelling

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹrin

Bàbá ba oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ lónìí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì fi bà á jẹ́. Ẹran àgùntàn ṣì ń gbóná lórí tábìlì nígbà tí Tamsin ọmọ mi fọwọ́ kàn wọ́n léjìká.

"Bàbá àgbà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ni ìgbéyàwó wa o. Ẹ̀yin lẹ máa mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, torí Dádì ò sí mọ́."

"Màá mú ẹ dé géètì," ni Bàbá wí.

"Lẹ́yìn géètì ńkọ́?"

"Lẹ́yìn géètì, ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì ṣì le."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì lọ ń fọ abọ́ tí a kò tíì jẹun tán nínú rẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ mọ ohun tí irú abọ́ fífọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Clive àbúrò mi, awakọ̀ tó ń gbé wàrà kiri, tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Kò lè bá Bàbá wí, torí òun náà, ọmọ ọgọ́ta ọdún, kò tíì fẹsẹ̀ kan inú ṣọ́ọ̀ṣì Tilhurst rí. Ọkùnrin Pelling kì í wọ ibẹ̀. Ilé ìjọsìn Elétò, ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì, ni wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ Gordon, ìyá mi ló mú mi wọlé, Bàbá dúró ní géètì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a sin Gordon, òjò ń rọ̀, òun àti Clive dúró ní géètì kan náà, omi sì ń ṣàn lórí wọn. Nítorí Ambrose ni. Nítorí pé ní igba ọdún ó lé ọgọ́rin sẹ́yìn, Fíkà kan, àlùfáà ìjọ náà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ yọ Ambrose Pelling lẹ́gbẹ́, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ọgbà bí ajá, láìlu aago. Òkúta rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rí i, A.P. lára rẹ̀, níbi tí ògiri itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ti wó lódún méjì sẹ́yìn tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn dí i. Ọdọọdún ni Bàbá ń ro èsìsì ìdí rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi òdòdó sí i, bí bàbá wọn ti ṣe, bí bàbá bàbá wọn ti ṣe.

Bó bá jẹ́ Ambrose ló dúró sọ́nà ọmọ mi, n ó lọ wá Ambrose rí. Bí wọ́n bá ṣe é níkà lóòótọ́, ká mọ irú ìkà tó jẹ́, kí Fíkà tó wà níbẹ̀ báyìí bẹ Bàbá. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ká mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹrin

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, mo bá wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ní Lewes. Òjò láti ilé dé ibẹ̀. Wọ́n gba báàgì mi, wọ́n gba bírò mi, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù. Kọfí wọn di pọ́ùn mẹ́ta àti ogójì pẹ́nì, kò sì dùn.

Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ń jẹ́ Desmond, táì ọrùn rẹ̀ ní àwòrán ẹyẹ òwìwí.

"Ta lẹ ń wá?" ló bi mí.

"Òkú kan."

"Gbogbo wọn náà ni, Mádáàmù. Orúkọ?"

Ọwọ́ ìkọ̀wé ìgbà yẹn burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé dókítà ẹranko kò lè bẹ̀rù rẹ̀. Bíbélì ilé wa, tí ìran ẹ̀yìn kọ orúkọ àwọn òkú sí, sọ pé oṣù kejì ọdún 1741 ni Ambrose kú. Mo ṣí ìwé ìsìnkú ìjọ Tilhurst sí oṣù kejì 1741. Wọ́n sin opó kan, ọmọ ọwọ́ kan, àti ọkùnrin kan tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ tó kú lójú ọ̀nà. Wọ́n sin àjèjì sínú itẹ́, wọn ò sin Ambrose. Mo yẹ gbogbo ọdún náà wò dé ìparí, kò sí níbẹ̀.

Òótọ́ ni Bàbá ń sọ nígbà náà. Mo jẹ búrẹ́dì mi nínú ọkọ̀, inú mi kò dùn rárá.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹrin

Mo sọ fún Bàbá pé orúkọ Ambrose kò sí nínú ìwé.

"Mo ti mọ̀," wọ́n wí, wọ́n sì ń bá ewébẹ̀ wọn lọ. "Kí lo fi owó epo ṣòfò sí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹrin

Ọkọ̀ kọ̀, kò jí. Bátìrì tuntun, pọ́ùn márùndínláàádọ́rùn-ún. N kò lọ ibì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Desmond ló ní kí n wo ìwé ogún. Ó ní ẹni tí ìjọ yọ lẹ́gbẹ́ lè máà sí nínú ìwé ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìkòkò méjì, ìwé ogún rẹ̀ á wà níbì kan. Ó gbé e wá nínú páálí, ìwé méjì tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù dì pọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ni ìwé tí àwọn aládùúgbò fi ka ẹrù Ambrose lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n wọ yàrá kan, wọ́n bọ́ sí òmíràn, èmi náà ń tẹ̀lé wọn bí àlejò. Ibùsùn kan. Ìkòkò bàbà méjì. Àgbá ọtí ápù, ìdajì ló kún. Àáké mẹ́rin. Àga kan tó kán lẹ́sẹ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ kan àtàwọn ọmọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbi àga yẹn, torí Bàbá ní irú rẹ̀ ní kíṣìnì, wọn ò sì jẹ́ ká sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí wọ́n kà á ni ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, 1740.

Èyí kejì ni ìwé ogún fúnra rẹ̀. Ambrose ṣe é ní oṣù kọkànlá, 1740, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo gbé e lọ bá Desmond. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí kú nínú oṣù kejì. Wọ́n ti ka ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó dìde ó ń pín ogún."

Desmond bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. "Òkú yín ò dìde, Mádáàmù. Ọdún tiwọn ni ò bá tiwa mu. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣe ọdún tuntun nígbà yẹn. Oṣù kìíní àti oṣù kejì, ìparí ọdún ni wọ́n wà. Oṣù kejì 1740 tiwọn, òun là ń pè ní 1741."

"Ìyẹn ni pé ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ ni mo lọ ń wá a sí?"

"Ẹ fi ọdún kan gbáko kọjá rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, ẹ má bínú."

Mo padà sídìí ìwé ìsìnkú, n kò tiẹ̀ jókòó. Oṣù kejì, 1740. *Ọjọ́ kẹsàn-án, Ambrose Pelling, a sin ín lẹ́bàá ilẹ̀kùn gúúsù.*

Inú itẹ́ ni. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni, ibi tí àwọn ẹni ńlá máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sin àwọn sí. Mo bú sẹ́kún lórí tìmùtìmù tí wọ́n fi ń gbé ìwé lé. Desmond rọra fa ìwé náà kúrò kí omi ojú mi má bàa kán sí i, lẹ́yìn náà ló wá fún mi ní tíṣù. Ó lójú àánú, ṣùgbọ́n ìwé ló kọ́kọ́ ṣàánú.

Ọjọ́rú, 1 oṣù karùn-ún

N kò tíì sọ fún Bàbá. Mo jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan: bí Ambrose bá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ta ló wà lábẹ́ òkúta A.P.?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ìwé ogún náà tí kò yé mi. Ó fún Thomas ọmọ rẹ̀ ní àáké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, "kí ó sì máa tọ́jú ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá mi, kí ojú má bàa tún tì wá." Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá kí ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù karùn-ún

Oòrùn yọ. Òdòdó aláwọ̀ aró ti bo gbogbo abẹ́ igi lójú ọ̀nà Lewes, mo sì ń kọrin nínú ọkọ̀ bí ẹni tó mutí.

Mo béèrè fún ìwé àwọn wọ́dìn, àwọn tó ń mójú tó ilé àti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. Ojú ewé kejì ni mo ti rí i. Kò sí ògiri láyé ọjọ́un. Ọgbà onígi ló yí itẹ́ ká, ilé kọ̀ọ̀kan lábúlé ló sì ní ìdá tirẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ máa tún ṣe láti ìran dé ìran. Láti òpó géètì: Pelling, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Lẹ́yìn rẹ̀: Thomas Gander, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Báyìí-báyìí títí a fi yípo. Onílé kọ̀ọ̀kan sì ri òkúta mọ́lẹ̀ níbi tí ìdá tirẹ̀ ti parí, pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lára òkúta.

A.P. kì í ṣe sàréè. Òkúta ààlà ọgbà ni. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri lẹ́yìn ọ̀rúndún kan, wọ́n mọ ọ́n sẹ́yìn díẹ̀, òkúta wá bọ́ síta. Gbogbo òdòdó yẹn. Gbogbo èsìsì tí Bàbá ti fi ọwọ́ fà.

Nísàlẹ̀ ojú ewé kan, ní ìgbà ikú Ambrose: *fún aago Pelling, ṣílè kan, fún ọtí àwọn tó lù ú, pẹ́nì mẹ́fà.* Wọ́n lu aago fún un. Wọ́n tiẹ̀ mutí lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù karùn-ún

Bàbá lọ sí ìpàtẹ ewébẹ̀. Mo mú Clive lọ sídìí ògiri pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bí Gander bá ní òkúta, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí A.P. ló gbọ́dọ̀ wà.

"Lorna, ṣé a kì í ṣe ẹni tó ń hú òkú báyìí?" Clive ń wo ẹ̀yìn.

"Òkúta là ń wá. Gbẹ́ ilẹ̀."

"Bí Bàbá bá dé ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé ò ń ro èsìsì. Kì í ṣe irọ́."

Èsìsì jó o ní apá méjèèjì, ó ń bú mi, ó ń bú Gander, ó ń bú ẹni tó kọ́kọ́ dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́bìrì dún gbàn. A fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. T.G.

Clive jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù. "Gander ni," ó wí. Ó tún wí i. Ó wá yí ojú sí A.P., sí àwọn òdòdó tí Bàbá fi síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ti ń rọ nínú agolo. "Yéè. Bàbá wa ń ṣe ìrántí òpó ọgbà."

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wa, torí àwa méjèèjì ronú kan Bàbá nígbà kan náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù karùn-ún

Ohun kan ló kù: kí ló tì Ambrose lójú? Desmond ti gbé ìwé kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ dè mí. Mo rò pé òun náà kò sùn dáadáa.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún 1733. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá ti Ambrose wó nínú ìjì, ó sì pa á tì. Ẹlẹ́dẹ̀ wọ itẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ Ambrose fúnra rẹ̀ ni. Ó hú sàréè ìyá ìyàwó Fíkà tí kò tíì pé oṣù kan. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ pé lákòókò ìsìn, kó máa dúró ní géètì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, kí gbogbo ìjọ rí i bí wọ́n bá ń kọjá, títí ọgbà rẹ̀ yóò fi dúró.

Nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì mìíràn: *Ó dúró ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta. Ọgbà ti dúró. Ó wọlé.*

Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà títí Desmond fi wúkọ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta péré. Ambrose wọlé. Àwa ni a kò tíì wọlé láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù karùn-ún

Mo rò pé bí mo bá ti rí òótọ́, ọ̀rọ̀ á ti bùṣe. Ẹ̀rù ló wá ń bà mí. Bàbá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n gba ìbínú yìí lọ́wọ́ bàbá wọn bí ẹní gba ogún, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Èmi ni n ó wá sọ pé àmì ọgbà ni wọ́n ń fún ní òdòdó, pé àwa la jẹ̀bi, pé ẹlẹ́dẹ̀ wa ló hú sàréè. Bàbá, tó fi ọgbà kíkọ́ jẹun fún àádọ́ta ọdún.

"Ìwọ ni kó sọ fún wọn," ni Clive wí lórí fóònù.

"Ìwọ lọkùnrin tó ń dúró ní géètì."

"Ìwọ lo lọ ń tú ìwé. Ẹni tó tú u ló ń dì í."

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù karùn-ún

Mo sọ ọ́. Bàbá ń ri igi fún ẹ̀wà wọn, mo sì ń na okùn sí wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọdún tí kò bá tiwa mu dé orí ọtí àwọn alágogo. Wọn ò dá mi dúró.

"Ẹlẹ́dẹ̀?" wọ́n wí.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Bàbá."

"Òkúta yẹn wá ńkọ́?"

"Òkúta ààlà ọgbà ni. Ti Gander wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti Clive ti rí i."

Wọ́n so igi ẹ̀wà tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù karùn-ún

Wọn ò gbé fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù karùn-ún

Mo gbé páì ẹran lọ fún wọn. Wọ́n gbà á lójú wíńdò, wọ́n sì ti wíńdò.

Ọjọ́rú, 22 oṣù karùn-ún

Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi kí n tó se omi tíì. Bàbá ni, wọ́n wọ kóòtù iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n mú igi ìwọ̀n tó ń ká dání.

"Lorna. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń fi òdòdó sídìí òpó ọgbà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ . . ."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo rò pé ẹkún ni, mo sáré dì wọ́n mú. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá wọn fi yẹ̀, wọ́n fọwọ́ dì í mú, wọ́n tún ń rín in. "Bàbá mi bọ́ fìlà fún òkúta yẹn," wọ́n wí. "Gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá. Ó bọ́ fìlà fún ààlà ọgbà."

Mo bu tíì fún wọn. Nígbà tí wọ́n mu ún dé ìdajì, ojú wọn yí padà.

"Ta ló ń tọ́jú ìdá wa báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ògiri ni wọ́n fi rọ́pò, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ògiri yẹn ti wó."

"Ó wó dé ibo?"

A lọ wọ̀n ọ́n. Láti òpó géètì dé òkúta A.P., ibẹ̀ gan-an ni nẹ́ẹ̀tì náà wà. Kò wó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín. Bàbá ká igi ìwọ̀n wọn.

"Mo kọ́ ọgbà fún ìdajì ìpínlẹ̀ yìí," wọ́n wí, "tèmi wá wà nílẹ̀. Mi ò lè wọ ilé tí mo fi ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ ní wíwó. Ambrose ò wọ̀ ọ́, èmi náà ò ní wọ̀ ọ́. Bó bá dúró kí ìgbéyàwó tó dé, màá mú ọmọ yẹn wọlé. Bí kò bá dúró, géètì."

Mo pe Tamsin. Mo sọ ọ́ fún un. "Mọ́mì," ó wí, "ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ló máa pinnu bóyá màá rí ẹni mú mi wọlé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ń pinnu rẹ̀ láti ọdún 1733.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù karùn-ún

Mo lọ bá Fíkà Rosamund. Ó ń fi ọ̀bẹ ìjẹun yọ ìda àbẹ́là kúrò lára aṣọ tábìlì.

"Lorna, ẹ gbọ́ mi yé. Bí mo bá fẹ́ gbé àga kan láti apá ọ̀tún sí apá òsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Ọdún méjì rèé tí a ti ń tọrọ àyè láti tún ògiri yẹn mọ. Ẹ ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọgbà sínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo ka ọ̀rọ̀ inú ìwé kóòtù fún un, dé ibi *ó wọlé*. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ìta láti ojú wíńdò.

"Nẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ yẹn," ó wí, "a ò tọrọ àyè fún un. Ààbò ni, kí ọmọdé má bàa ṣubú. Bí ẹnì kan bá fi igi ṣe nẹ́ẹ̀tì, tí kò kan ògiri, tí kò gbẹ́ ilẹ̀, tó dá dúró fúnra rẹ̀, lójú tèmi nẹ́ẹ̀tì náà ni."

"Nẹ́ẹ̀tì igi óákù?"

"Ó lè jẹ́ èyí tó le díẹ̀," ni Fíkà wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹfà

Igi óákù, pọ́ùn igba ó lé mẹ́wàá, Bàbá sì san án láìdúnàádúrà. Èyí ni n kò rí rí láyé mi. Èmi àti Tamsin já òdòdó funfun fún ohun mímu ìgbéyàwó, gbogbo kíṣìnì ń ta sánsán. Láti ojú wíńdò ni a ti ń gbọ́ àáké Bàbá.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Ẹ̀yìn dá Bàbá dúró. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé igi kan, wọn ò lè dìde mọ́. Dókítà ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Abala ọgbà náà kò tíì dé ìdajì. Tamsin wá, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn, ó ní kí wọ́n gbàgbé ọgbà, òun á wọlé fúnra òun. Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Bàbá ní kí a gbé àga tó kán lẹ́sẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn, kí a fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn. Clive ló ń lagi.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ̀lé ojú igi. Ṣé o rò pé wàrà lò ń wà kiri ni?"

"Bàbá, mo ń tẹ̀lé e."

"Igi ló ń tẹ̀lé ẹ. Yí i padà. Ọlọ́run ṣàánú mi, mo bí awakọ̀."

"Ẹ ò bá ti bí mi ní káfíńtà."

"Mo gbìyànjú ẹ."

Wọ́n bú u láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N kò tíì rí i kí inú àwọn méjèèjì dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

Ó dúró. Òun fúnra rẹ̀ dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò kan ògiri, kò wọ ilẹ̀. Fíkà fi ìka gún un, kò mì. Bàbá fi ọ̀pá rìn yí i ká, wọ́n fojú wọ̀n ọ́n lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n wá ní ìsó kan tí Clive kàn kò tọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọ̀bẹ jáde, wọ́n sì fín A.P. sára òpó ìparí. Wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn náà fún mi. Mo ń wá ohun tí n ó fi ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹfà

Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ṣì ń jó lábẹ́ àgọ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo sá wá kọ èyí kó tó fò mí.

Òjò dá ní wákàtí kan kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọ ti wọlé, Ewan ọkọ ìyàwó ti wà níwájú. Èmi, Bàbá, Clive àti Tamsin la dé ẹnu géètì. Bàbá dúró níbi tí wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n sì bọ́ fìlà. Wọ́n bojú wo apá òsì, wo igi óákù tuntun tó ń dán nínú oòrùn, láti òpó géètì dé òkúta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na apá fún Tamsin, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kọjá.

Mo rìn lẹ́yìn wọn, n kò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀kùn gúúsù, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tẹ orí ba fún koríko tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn dìde.

Bàbá sì yọ apá wọn kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ sí géètì.

Tamsin kò yíjú, ó ń wo iwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bó ṣe fi í sílẹ̀. Dùùrù kọrin náà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní géètì, Clive ṣì dúró síta pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, bó ti máa ń ṣe láti kékeré.

"Ìwọ, ṣé ò ń bọ̀ ni àbí o ò bọ̀?" mo gbọ́ tí Bàbá wí.

Clive wọlé. Bàbá fa géètì pa lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi irin há a, wọ́n mì í láti mọ̀ bóyá ó há, wọ́n sì rọra rìn padà wá bá wa.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá àgbà?" ni Tamsin béèrè.

"Ẹlẹ́dẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n gba ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì wọlé.